Mo Gbé Bàbá Àgbà Mi Jókòó Síwájú Ilé Onílé

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti lé ní ọdún mẹ́rin báyìí. N kò jalè, n kò dalẹ̀ ọkọ mi, n kò sì pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n mo fún ìyá àgbà kan ní bàbá tí kì í ṣe bàbá wọn. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, inú wọn sì ń dùn sí i títí di òní. Wàyí o, bàbá tó bí mi lọ́mọ ń bọ̀ wá jẹun nílé ìyá náà ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Bí wọ́n bá fi lè gbójú sókè wo ara ògiri, àṣírí mi tú nìyẹn. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ilé fọ́tò kan ní Ilé-Ifẹ̀, lójú ọ̀nà tó lọ sí yunifásítì, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kí n tó lọ́kọ. Ọ̀gá mi ń ya fọ́tò bíi ti gbogbo ayàwòrán, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó ra kọ̀ǹpútà kan pẹ̀lú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tó máa ń da fọ́tò kọ sínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa yà wá wò ó lásán. Èmi tí mo kọ́ iṣẹ́ títẹ̀wé ni ọ̀gá fi sídìí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà lọ́ra. Tí mo bá ní kó ṣe nǹkan kan, mo lè lọ ra àkàrà kí n sì jẹ ẹ́ tán kó tó dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́.

Iṣẹ́ tí ọ̀gá dá sílẹ̀ ni pé a ó lọ ya àwọn ilé àtijọ́ nígboro Ifẹ̀, a ó wá fi kọ̀ǹpútà dá wọn padà sí ayé ìgbà tí wọ́n kọ́ wọn. Màá yọ òpó iná kúrò. Màá yọ eríà tẹlifíṣọ̀n, màá yọ ọkọ̀ tí wọ́n gbé síwájú ilé, màá pa bébà ìbò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ́. Lẹ́yìn náà màá ṣa àwọn ènìyàn láti inú fọ́tò ògbólógbòó, màá tò wọ́n síwájú ilé: ẹni tó ń sá kòkó, ẹni tó di ẹrù lé kẹ̀kẹ́, àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ní ìsàlẹ̀ àwòrán kọ̀ọ̀kan, a máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé àfinúrò ni. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ló ń rà á jù, wọn a gbé e kọ́ sí pálọ̀ wọn. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ọnà ni.

Ilé kan wà tí kò jìnnà sí ọjà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tí bàbá olóko kòkó kan kọ́, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè rẹ̀ jẹ́ igi gbígbẹ́. Ilé yẹn wù mí ju gbogbo ìyókù lọ. Mo fẹ́ kí baálé ilé jókòó sínú àga níwájú rẹ̀, kó máa wo ẹni tó ń wò ó. Àmọ́ nínú gbogbo fọ́tò àtijọ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí èyí tó bá a mu. Oòrùn ń ti ọwọ́ ọ̀tún tan sí ilé, ó ń ti ọwọ́ òsì tan sí àwọn ènìyàn náà. Ṣe ni wọ́n dà bí èrò tí wọ́n já sí ibùdókọ̀ tí kì í ṣe tiwọn.

Ìgbà náà ni mo rántí fọ́tò bàbá àgbà mi ní Ẹdúnàbọ̀n. Bàbá tó bí bàbá mi ni. Wọ́n ti kú kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n fọ́tò wọn ò kúrò lára ògiri pálọ̀ wa rí. Wọ́n jókòó sínú àga, agbádá wọn balẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, oòrùn sì ń ti ọwọ́ ọ̀tún wá. Mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá mi, mo ní mo fẹ́ fi kọ́ṣẹ́. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí omi kàn án o. Mo dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà, mo sì dá a padà lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí mo gbé bàbá àgbà síwájú ilé náà, ó bá a mu bí ọmọrí ṣe ń bá ìkòkò mu. Ọ̀gá mi wá dúró sẹ́yìn mi, ó wò ó títí.

Ó ní, "Ilé dára, bàbá dára. Àmọ́ àbàjà kún ojú wọn. Ilà Ọ̀yọ́ nìyẹn, àwọn onílé yìí kì í sì í kọlà. Ẹni tó bá rí i á ní àlejò ni bàbá yìí, pé wọ́n kàn yà tọrọ omi mu ni."

Òótọ́ ni. Mo bá mú máòsì. Mo ń bu awọ iwájú orí wọn díẹ̀díẹ̀, mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é. Ilà tí wọ́n fi abẹ kọ sí wọn lójú ní kékeré, tí wọ́n sunkún sí, tí wọ́n gbé wọ sàréè, èmi ọmọ ọmọ wọn ni mo fi ìka kan pa á rẹ́. Ká sọ òdodo, inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo ní ọwọ́ mi mọ́ níṣẹ́.

Ọ̀gá fi kámẹ́rà tún èyí tó jáde nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yà, ó fọ̀ ọ́ sórí bébà fọ́tò gidi, ó sì rì í sínú omi tíì kó lè pọ́n bíi ti àtijọ́. A kọ "àfinúrò ni" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a fi férémù sí i, a gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ìyá àgbà kan wọlé pé àwọn fẹ́ ya fọ́tò pélébé tí wọ́n ní kí àwọn mú wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá ti lọ ra bébà ní Ìbàdàn, èmi nìkan ni mo wà nílé. Mo gbé àga fún wọn, wọn ò tilẹ̀ wo àga. Ògiri ni wọ́n ń wò.

Wọ́n ní, "Ilé wa rèé. Ilé bàbá mi. Ta ló jókòó yìí?"

Mo la ẹnu láti sọ pé kì í ṣe ẹnì kankan, pé a kàn ṣe é ni. Wọn ò jẹ́ kí n ráyè sọ ọ́. Wọ́n ti ń fi ọwọ́ pa gíláàsì. "Àbí bàbá mi ni? Ọmọ mi, ṣé bàbá mi ni?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Babárímisá ni orúkọ ìyá náà. Ẹ̀yin náà mọ irú ọmọ tí à ń sọ bẹ́ẹ̀: ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú kí ìyá rẹ̀ tó bí i. Wọ́n sọ fún mi níbi tí wọ́n dúró sí pé oyún àwọn ò ju oṣù mẹ́ta lọ nígbà tí bàbá wọn kú. Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà, ikán jẹ ẹ́ nínú àpótí. Àwọn ẹ̀gbọ́n tí wọ́n mọ bàbá náà lójú ti kú tán. Bí wọ́n bá ti ń ṣeré ní kékeré, àwọn ẹgbẹ́ wọn a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojú wọn ni bàbá wọn rí tó fi sá.

"Ó lé ní àádọ́rin ọdún tí mo ti ń jẹ́ ọmọ ọkùnrin kan," wọ́n ní, "mi ò mọ bí imú rẹ̀ ṣe rí."

Mo wo ojú wọn. Mo ní, "Àwọn ni, mà."

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n ń wòkè, omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ ò sá fún mi mọ́." Ta ló gbójú láti wá sọ fún wọn nígbà yẹn pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń wò, iwájú orí ni?

Bí irọ́ bá ti bọ́ sílẹ̀, ó di dandan kéèyàn wá ilé fún un. Mo ní inú àpótí bàbá ọ̀gá mi la ti rí fọ́tò náà, pé àwọn ló yà á láyé àtijọ́. Bàbá ọ̀gá mi ò sì fọwọ́ kan kámẹ́rà rí láyé wọn, àgbẹ̀ pọ́ńbélé ni wọ́n.

Màmá ní àwọn yóò rán ọmọ ọmọ àwọn wá gbé e. Bí wọ́n ṣe lọ tán, mo rántí pé ọmọ ọmọ yẹn á mọ̀wé. Mo tú férémù, mo fi bíléèdì gé ibi tí a kọ "àfinúrò ni" sí, mo tún férémù dì. Tí ẹ bá bi mí pé ibo gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà, ibẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ lè yọ bọ́ lẹ́nu èèyàn. Bíléèdì kì í yọ bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Nígbà tí ọ̀gá dé, mo sọ fún un pé òjò ló ba àwòrán náà jẹ́.

Ọmọ ọmọ tí wọ́n rán wá, Kọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ ni, iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé girama. Ọ̀dọ̀ Màmá ló dàgbà sí, nínú ilé bàbá Màmá náà, níbi tí wọ́n kó padà sí lẹ́yìn ikú ọkọ wọn. Ó gbé àwòrán lọ lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì ó ní ìṣó ò dúró lára ògiri amọ̀, kí ni kí òun ṣe? Lọ́jọ́ kẹta ó ní eruku wà lábẹ́ gíláàsì. Lọ́jọ́ kẹrin àwáwí ti tán nílẹ̀, ó ní òun kàn wá kí mi ni. Mo ní ó pẹ́ kó tó rántí ìyẹn.

Òun ló sọ fún mi pé Màmá ti pàṣẹ: gbogbo ọkùnrin tó bá jí nínú ilé, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni kó kọ́kọ́ gbà lọ, kó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá lára ògiri kó tó jáde. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo sì yíjú sí kọ̀ǹpútà.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ èmi àti Kọ́lá di ti àwọn ẹbí. Wọ́n dá ọjọ́ tí wọn yóò wá mọ̀ wá ní Ẹdúnàbọ̀n. Ẹ̀yin náà mọ bí Yorùbá ṣe ń wádìí kí wọ́n tó fẹ́ra wọn. Bí àwọn ará ilé Kọ́lá bá wọ pálọ̀ wa, tí wọ́n bá bá bàbá àwọn lára ògiri wa, kí ni wọn yóò sọ? Wọn yóò ní bàbá àwọn ti bímọ sí Ẹdúnàbọ̀n, pé ẹbí kan náà ni wá, ọ̀rọ̀ tán. Kí n tó lè ní rárá, àfi kí n sọ ohun tí mo fi bíléèdì gé.

N kò sọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, mo gun àga, mo gbé bàbá àgbà mi sọ̀ kalẹ̀, mo fi aṣọ wé wọn, mo tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá mi jáde, wọ́n rí ibi tó ṣófo lára ògiri.

"Ìwọ ọmọ yìí," wọ́n ní, "ẹni tí àwọn àlejò ń bọ̀ wá kí gan-an lo gbé kúrò ní pálọ̀."

Mo ní gíláàsì rẹ̀ ló sán, pé mo fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n kàn ń wo ògiri náà látìgbàdégbà títí àlejò fi dé. Ìyẹn dùn mí ju bí wọ́n ṣe lè bú mi lọ. Lẹ́yìn ìgbéyàwó ni mo tó gbé bàbá àgbà padà sáyè wọn.

Ẹ má rò pé ìyà ń jẹ mí o. Mo rílé wọ̀. Ọkọ mi kì í pariwo, Màmá sì fẹ́ràn mi bí ojú. Wọn ò jẹ́ kí n gbé garawa omi gun àtẹ̀gùn rí. Wọ́n ní èmi ni mo wá bàbá àwọn rí, pé ohun tí wọ́n bá fi san án fún mi ò lè tó. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, mo máa ń wá nǹkan tí n ó gbá nílẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo bí ọmọkùnrin. Màmá ṣí aṣọ lójú ọmọ, wọ́n pariwo, "Bàbá mi dé!" Wọ́n gbé ọmọ lọ síwájú àwòrán, wọ́n pe gbogbo ilé kí wọ́n wá wo etí, kí wọ́n wo imú, kí wọ́n wo bí ojú méjèèjì ṣe jìnnà síra wọn. Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa, ó jọ ọ́ gẹ́lẹ́. Kí ló dé tí kò ní jọ ọ́? Bàbá àgbà mi ni.

Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi la ti sọ ọmọ lórúkọ, nítorí àgbàlá tiwọn fẹ̀. Wọ́n ní kí Màmá mú orúkọ wá. Màmá ní, "Babátúndé." Ó wá kan bàbá mi. Wọ́n gbé ọmọ lọ́wọ́, wọ́n wò ó pẹ́.

Wọ́n ní, "Bàbá mi láti Ẹdúnàbọ̀n rèé. Babátúndé ni èmi náà mú wá."

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Alùfáà ní òun ò tíì rí àna tí ẹnu wọn kò báyìí rí, pé Ẹ̀mí kan náà ló ń darí ìdílé méjèèjì. Mo tẹ orí ba. Wọ́n ní ayọ̀ ló ń pa mí. Ayọ̀ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, nítorí inú mi dùn pé bàbá mi rí bàbá wọn.

Ọmọ ti fẹ́ pé ọdún kan báyìí. Màmá wá ní ó tó gẹ́ẹ́, pé àna àwọn ò gbọdọ̀ máa jókòó ságbàlá onílé mìíràn, pé wọ́n gbọ́dọ̀ gun òkè wá jẹun lójú bàbá àwọn. Bàbá mi ti gbà. Kò sí ẹni tó lè rí bàbá rẹ̀ tí kò ní mọ̀ ọ́n, kódà kí wọ́n pa ilà ojú rẹ̀ rẹ́.

Ni mo bá jẹ́wọ́ fún ọkọ mi. Ó tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi sọ ọ́ tán, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ṣé àna mi ni mo ti ń dọ̀bálẹ̀ fún láràárọ̀?" ó ní. "Kí n tó tọrọ rẹ rárá? Kò sí ọkọ ìyàwó tó dọ̀bálẹ̀ tó mi ní gbogbo Ifẹ̀."

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Àfi bí ẹ̀rín náà ṣe kúrò lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "Màmá ńkọ́?" Ó dárí jì mí, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní bá mi sọ ọ́, pé ẹnu tó sọ pé àwọn ni, ẹnu náà ni kó lọ sọ pé àwọn kọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, mo gun òkè lọ. Màmá gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, wọ́n jókòó síwájú àwòrán. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ."

"Dìde, ìyàwó mi, ilẹ̀ yìí tutù," wọ́n ní. "Jẹ́ kí n sọ tèmi ná, kí n má gbàgbé. Ara mi ò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́, o mọ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù ikú máa ń bà mí. Kì í ṣe ikú fúnra rẹ̀ o. Ohun tí mo máa ń rò ni pé bí mo bá dé ọ̀run, báwo ni n ó ṣe dá bàbá mi mọ̀ láàrin èrò tó pọ̀ tó yẹn? Ta ni n ó bi? Báyìí, ọkàn mi balẹ̀. Ojú tí n ó máa wá, mo ti mọ̀ ọ́n." Wọ́n wá wò mí. "Kí lo fẹ́ sọ?"

Mo ní mo fẹ́ gba ọmọ kí n fún un lóúnjẹ ni. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, títí di ọjọ́ yẹn, mo rò pé irọ́ mi ò pa ẹnikẹ́ni lára. Mo tiẹ̀ máa ń yin ara mi díẹ̀. Bàbá mi, mo lè kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, wọn yóò bínú, wọn yóò jẹun, yóò tán. Ti Màmá ni n kò mọ bí n ó ṣe ṣe. Bàbá mi máa ń sọ fún wa pé bàbá àgbà kì í kọ ìkíni ẹnikẹ́ni, pé gbogbo ọmọ ló ń jẹ́ ọmọ wọn. Bí obìnrin kan bá sáré tọ̀ wọ́n lọ lọ́run, tó pè wọ́n ní bàbá, wọn yóò dáhùn ni. Wọn yóò sì gbá a mọ́ra. Olóko kòkó tó bí Màmá gan-an yóò wà níbẹ̀, bàbá tó ti ń retí ọmọ tí kò rí láti ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí mo bá sọ ọ́, mo gba bàbá kan ṣoṣo tí Màmá ní lọ́wọ́ wọn, ẹ̀rù á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bà wọ́n. Bí n kò bá sọ ọ́, mo ti júwe ọ̀nà òdì fún wọn. Ẹ dárí jì mí, kí ẹ sì bá mi wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi bẹ̀rẹ̀, kí Màmá má baà dé ọ̀run kí wọ́n sì kọjá lára bàbá wọn láìkí wọn.